Nígbà Tí Ọmọ Bá Pè Láti Ilé Ẹ̀kọ́ Pé Òun Fẹ́ Padà Sílé: Kí Ló Ń Ṣe É?

Gbogbo ìgbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga bá gba akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń gba ẹnu àwọn òbí kan lọ́dọ̀ wa ní ilẹ̀ Ọ̀kun, àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n fi ayọ̀ sìn lọ sí Lọ́kọ́ja tàbí Ìlọrin kò tíì lo oṣù kan tó fi ń pè sílé lóru pé òun kò ṣe mọ́. Kò jẹun. Kò rí oorun sùn. Ó ní inú ń run òun, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn, wọn kò rí nǹkan kan. Ìyá á ní ayé ló ń bá ọmọ òun jà. Bàbá á ní àkẹ́jù ló bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ti ṣe yunifásítì rí á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, yóò mọ́ ọn lára. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́ràn ọmọ yìí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó mọ ohun tó ń ṣe é nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀: ohun tí àárò ilé jẹ́, ìdí tó fi máa ń hàn lára, ìdí tí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ kò fi ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú, àti ibi tí àárò ti ń parí tí àìsàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo gbà lọ́kàn mi pé bí ilé bá mọ nǹkan wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kó ẹrù kúrò nílé ẹ̀kọ́ lójijì kò ní kó o.

Àwọn ọ̀rọ̀ wo ló yẹ kí ilé kọ́kọ́ mọ̀?

Sẹ́ṣọ̀n ni ọdún ẹ̀kọ́ kan. Wọ́n pín in sí méjì, ìdajì kọ̀ọ̀kan ni sẹ̀mẹ́sítà. Yunifásítì ń fúnni ní dìgírì, ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni, ó kù sí ohun tí ọmọ ń kọ́. Pólì ń fúnni ní ND lẹ́yìn ọdún méjì, ẹni tó bá fẹ́ HND á tún ṣe ọdún méjì sí i lẹ́yìn tó bá ti lọ ṣiṣẹ́ díẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ń fúnni ní NCE lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ọmọ tó wà lọ́dún àkọ́kọ́ ní yunifásítì ló wà ní 100 level, òun sì ni àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ń pè ní jambite, nítorí pé ìdánwò JAMB ló gbé e wọlé.

Àárò ilé ní tirẹ̀ ni ìrora tó ń bá ènìyàn nítorí pé ó kúrò níbi tó ti mọ́ ọn lára, kúrò lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ọkàn ni ìrora náà wà, àmọ́ ara ló sábà máa ń fi sọ ọ́.

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ara ọmọ náà?

Ẹ wo ọmọbìnrin kan tó dàgbà sí Ìsánlú. Bó bá jí láàárọ̀, kò sí nǹkan púpọ̀ tó ní láti rò. Ó mọ ibi tí garawa wà nínú òkùnkùn. Ó mọ ìró alùpùpù bàbá rẹ̀ bó bá ń ti oko bọ̀. Ó mọ ilé tí wọ́n ti lè yá òun níyọ̀, ó mọ ẹni tó gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí àti ẹni tó lè kí lórí ìrìn. Lọ́jọ́ tó dé Lọ́kọ́ja, gbogbo rẹ̀ di ohun tó gbọ́dọ̀ máa fi ọgbọ́n orí ṣe: ibi tí omi wà, iye tí kẹ̀kẹ́ ń gbà láti Adankolo dé Felele, èdè tí yóò fi ná ọjà lọ́wọ́ ìyá tó ń ta tòmátì, bí yóò ṣe pààrọ̀ aṣọ lójú ẹni mẹ́ta tí kò mọ̀ rí nínú yàrá kan náà. Ọpọlọ rẹ̀ kò sinmi láti òwúrọ̀ títí di alẹ́.

Nígbà tí ọpọlọ bá wà lójúfò báyìí, ara á máa tú èròjà kan tí àwọn dókítà ń pè ní cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú ara gbáradì. Fún wákàtí díẹ̀, kò léwu. Bó bá di ọjọ́ mélòó kan tí kò lọ sílẹ̀, oorun á fò, oúnjẹ kò ní wọlé, inú á máa yí, orí á máa fọ́, ìwé tí ọmọ kà kò ní dúró. Ìdí nìyí tí inú fi lè máa run ún gan-an kí àyẹ̀wò má sì rí ohunkóhun. Kò purọ́ fún yín. Ó ń rò ó lára lóòótọ́.

Ẹ wá fi ooru Lọ́kọ́ja kún un. Ìlú náà wà nísàlẹ̀ létí ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé, òkè Patti sì gàba lé e lórí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ògiri yàrá ṣì ń gbóná ní ọ̀gànjọ́ òru. Ọmọ tó ti ilẹ̀ Yàgbà wá, tí atẹ́gùn òkè ti mọ́ lára, kò ní sùn dáadáa níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àìsùn sì máa ń sọ àárò kékeré di ńlá.

Gbogbo ayé ló ń ṣe. Ní ọdún 1688, Johannes Hofer, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Basel ní ilẹ̀ Switzerland, kọ ìwé nípa àárò ilé bí àìsàn. Ọ̀kan nínú àwọn tó mẹ́nu bà ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ti Bern wá kàwé ní Basel. Ibà mú un, ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, wọ́n rò pé yóò kú. Nígbà tí wọ́n pinnu pé kí wọ́n gbé e padà sílé, ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá lójú ọ̀nà, kó tó fojú kan ilé rárá. Bern sí Basel kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 100 lọ. Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ yín pé, "Ṣebí Lọ́kọ́ja nìkan lo lọ?" Ọmọ tó wà ní Lọ́kọ́ja lè máa jìyà àárò ju èyí tó wà ní Zaria lọ.

Kí ló dé tí ti ẹnìkan fi ń le ju ti ẹlòmíràn lọ?

Ohun àkọ́kọ́ ni bóyá ọmọ ti kúrò nílé rí. Ẹni tó ti gbé bọ́dìn, tàbí tó ti lo ọdún kan lọ́dọ̀ ìbátan ní Abuja, ti mọ bí àárò ṣe ń wá àti bó ṣe ń lọ. Kò bà á lẹ́rù mọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé alẹ́ àkọ́kọ́ tó sùn kúrò nílé ni alẹ́ tó wọ họ́sítẹ́ẹ̀lì, òun kò mọ̀ pé yóò lọ. Ó rò pé bí yóò ṣe máa rí lára òun fún ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Èkejì ni ẹni tó yan ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló kọ ìmọ̀ ìṣègùn ní Ìlọrin sínú fọ́ọ̀mù JAMB, tí wọ́n wá fún ní ẹ̀kọ́ mìíràn níbòmíràn. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bàbá ló mú bírò. Ọmọ tó bá gbà pé òun kọ́ lòun yan ibi tí òun wà, gbogbo ohun tó bá rí níbẹ̀ ni yóò máa fi wé ibi tí kò lọ. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò kí ilé gbà níwájú rẹ̀ pé ó dùn ún, kí wọ́n tó sọ ohun mìíràn fún un.

Ẹ̀kẹta ni èdè, ibí yìí ló sì máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu jù. Àwọn tó kàwé nígbà tí ilẹ̀ Ọ̀kun ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní 1991, ọ̀pọ̀ wọn ló mọ Ìlọrin bí ẹni mọ owó. Lójú wọn, Yorùbá ló wà níbẹ̀, Yorùbá ló wà n'Íbàdàn, ara á tètè mọ́ ọmọ. Ọmọ á débẹ̀, á la ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n jọ wà ní yàrá á ní, "Irú Yorùbá wo lẹ ń sọ yìí? Àbí Kogi kì í ṣe Hausa?" Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, ọmọ náà á máa sọ Òyìnbó, tàbí kó dákẹ́. Ó wà láàrin àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan, ó sì dá wà.

Ọmọ tó lọ sí Anyigba, ibi tí ìjọba ìpínlẹ̀ dá yunifásítì sílẹ̀ sí ní 1999, ti mọ̀ láti orí afárá Itobe pé ilẹ̀ Igala lòun wọ̀. Kò sí ẹni tó retí pé kó gbọ́ èdè wọn. Nítorí náà, ó máa ń tètè wá àwọn ọmọ Ọ̀kun rí. Èyí tó wà nílẹ̀ Yorùbá ló máa ń fi tirẹ̀ pamọ́ pẹ́, nítorí ojú ń tì í láti sọ pé Yorùbá ń ni òun lára láàrin Yorùbá. Ẹ bi í léèrè. Ẹ má retí pé kó sọ ọ́ fúnra rẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ọwọ́ ayé?

Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. Ẹni tó bímọ gbọ́dọ̀ gbàdúrà fún ọmọ. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ má sọ fún ọmọ tí ẹ̀rù ti ń bà pé ẹnìkan nínú ẹbí ń lépa rẹ̀. Cortisol tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè yìí, ìbẹ̀rù máa ń tú u jáde. Bí ẹ bá sọ fún un pé àbúrò bàbá rẹ̀ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ìwọ̀nba oorun tó kù lójú rẹ̀ á tún lọ, ara rẹ̀ á le sí i, òun fúnra rẹ̀ á wá gbà pé òótọ́ lẹ sọ. Ẹbí á sì pín sí méjì lórí ohun tí kò sẹ́ni tó ṣe é.

Mo tún ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má gbé ọmọ lọ sùn sí ilé àdúrà láàrin sẹ̀mẹ́sítà. Kí pásítọ̀ tàbí ààfáà bá a gbàdúrà lórí fóònù lálẹ́, kí ọmọ wọ kíláàsì láàárọ̀. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ bí mo bá dé orí ọ̀rọ̀ máàkì.

Àmọ́ kí ẹ tó pè é ní àárò, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà. Orí fífọ́, àárẹ̀, kí oúnjẹ má wọlé: bí ibà ṣe ń ṣe náà nìyẹn, ẹ̀fọn sì pọ̀ lágbègbè wa. Àyẹ̀wò gidi ni mo wí, kì í ṣe àpòpọ̀ oògùn tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré fúnni ní kẹ́mísì. Ilé ẹ̀kọ́ ní ilé ìwòsàn tirẹ̀, owó rẹ̀ sì sábà máa ń wà nínú owó tí ẹ san. Kí ọmọ lọ ṣí káàdì níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Bí jẹ́nótáìpù ọmọ bá jẹ́ SS, ìyẹn àìsàn sickle cell, ọ̀rọ̀ omi mímu kò ṣeé fi ṣeré nínú ooru Lọ́kọ́ja, nítorí pé bí omi bá gbẹ lára rẹ̀, ó lè dá ìrora rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni kan ó kéré tán nínú àwọn tí wọ́n jọ ń gbé mọ jẹ́nótáìpù rẹ̀ àti oògùn tó ń lò.

Kí ló dé tí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọmọ lè ṣeré ní SS1 àti SS2, kó wá jí gìrì ní SS3, kó sì yege nínú WAEC. Ìdánwò ìkẹyìn là ń wò. Yunifásítì kò rí bẹ́ẹ̀. Láti sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń ka máàkì tí yóò wà nínú dìgírì rẹ̀. Àkókò tí àárò le jù ni àkókò tí kíkà náà bẹ̀rẹ̀. Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ ju ohun mìíràn lọ nìyí.

Kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní yúnìtì. Èyí tó wúwo lè jẹ́ yúnìtì 3, èyí tó fúyẹ́ lè jẹ́ 1 tàbí 2. Ẹni tó gba 70 sókè ní A, àmì 5 ni. 60 sí 69 ni B, àmì 4. 50 sí 59 ni C, àmì 3. 45 sí 49 ni D, àmì 2. 40 sí 44 ni E, àmì 1, níbi tí wọ́n bá ti ń lò ó. Ẹni tí kò bá tó 40 gba F, òdo ni. Wọ́n á fi yúnìtì kọ́ọ̀sì sọ àmì rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọ́n á sì fi àpapọ̀ yúnìtì pín in. Ohun tó bá jáde ni GPA sẹ̀mẹ́sítà náà. Bí wọ́n bá ro ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ọmọ dé, ó di CGPA.

Ká ní ọmọ kan ṣe kọ́ọ̀sì márùn-ún. Ó gba A nínú èyí tó jẹ́ yúnìtì 2, ìyẹn 10. Mẹ́rin tó kù jẹ́ yúnìtì 3 ọ̀kọ̀ọ̀kan: B ní físíìsì jẹ́ 12, C ní báyọ́lọ́jì jẹ́ 9, D ní ìṣirò jẹ́ 6, F ní kẹ́mísìrì jẹ́ òdo, nítorí pé aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kíláàsì rẹ̀, òun kì í sì í rí oorun sùn kí ilẹ̀ tó mọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 37. Yúnìtì rẹ̀ jẹ́ 14. Bí a bá pín in, ó jẹ́ 2.64. Bó bá jẹ́ pé C ló gba ní kẹ́mísìrì, ì bá ní 46, tí ó jẹ́ 3.29. Kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló fa gbogbo ìyẹn.

Ní yunifásítì tó ń lo 5.00, ẹni tó bá parí pẹ̀lú 4.50 sókè ní first class, 3.50 sí 4.49 ni second class upper, 2.40 sí 3.49 ni second class lower, 1.50 sí 2.39 ni third class. Ti pólì yàtọ̀: 4.00 ni tiwọn, 3.50 sókè ni distinction.

Ìdí tí ìbẹ̀rẹ̀ fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ ni pé yúnìtì tó wà nílẹ̀ kò tíì pọ̀. Ẹ rò ó bí ìgbà tí ènìyàn ń po omi ìwẹ̀: bí omi tútù inú garawa bá kéré, kẹ́tù omi gbígbóná kan á ti yí i padà, ṣùgbọ́n bí garawa bá ti fẹ́ kún, kẹ́tù mẹ́ta lè má mú un lọ́wọ́ọ́rọ́. Ìdí kan náà ni kí òbí má fi jáyà bí èsì àkọ́kọ́ kò bá dára. Ohun tó bàjẹ́ ní 100 level ṣì ṣeé tún ṣe ní 200 level. Ọmọ tó dé 400 level pẹ̀lú 2.0 ni apá rẹ̀ kò ní fẹ́ ká a mọ́.

F tí ọmọ gbà ló ń di carryover, ìyẹn ni pé yóò padà ṣe kọ́ọ̀sì náà, ó sì sábà máa ń di sẹ́ṣọ̀n tó tẹ̀ lé e, àárín àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò sì jókòó sí. Máàkì kì í wá láti inú ìdánwò nìkan. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, 30 nínú 100 máa ń wá láti inú tẹ́ẹ̀sì àti àsáínmẹ́ǹtì, ó sì lè tó 40 níbòmíràn. Ilé ẹ̀kọ́ tún máa ń béèrè pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ti wà nínú ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kíláàsì kó tó jókòó ṣe ìdánwò. Ọmọ tí àárò dè mọ́ yàrá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti pàdánù kó tó mú bírò.

Ó ku ìforúkọsílẹ̀ kọ́ọ̀sì. Ó ní gbèdéke. Kọ́ọ̀sì tí ọmọ kò bá forúkọ sílẹ̀ fún, bó gba 90 nínú rẹ̀, wọn lè má kà á. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ bi ọmọ ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ìwé rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ bi í pé, "Ṣé o ti forúkọ kọ́ọ̀sì sílẹ̀? Ṣé course adviser, olùkọ́ tó ń tọ́ yín sọ́nà lórí kọ́ọ̀sì, ti buwọ́ lù ú?"

Báwo ni ká ṣe máa pè é?

Bí ìpè ilé ṣe sábà máa ń rí nìyí. "Ṣé o ti jẹun?" "Mo ti jẹun, mà." "Kí lo jẹ?" "Ìrẹsì." "Ṣé kò sí nǹkan kan?" "Kò sí, mà." "Máa gbàdúrà o." Ìpè ti parí, ìyá kò sì mọ ohunkóhun. Ọmọ tí kò jẹun láti àárọ̀ náà á dáhùn pé òun ti jẹun, nítorí ó mọ̀ pé owó kò sí nílé, kò fẹ́ kí ìyá òun ronú.

Ẹ bi í ní ìbéèrè tí "bẹ́ẹ̀ ni" kò lè dáhùn. "Ta lẹ jọ jẹun lánàá?" "Ẹni tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, ọmọ ìlú wo ni?" "Ta ló jókòó tì ọ́ ní kíláàsì?" Bí orúkọ ènìyàn bá ń jáde, tí orúkọ náà sì ń pọ̀ sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, ara ti ń mọ́ ọn bó tilẹ̀ ń sunkún. Bí oṣù kan bá kọjá tí kò lè dárúkọ ẹnì kan, ẹ tara ṣàṣà lọ wò ó.

Ẹ má pè é ní ìgbà márùn-ún lóòjọ́, ẹ má sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó lè gbọ́n. Ọmọ tó ń bá ilé sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́ kò tíì dé ibi tó lọ. Èyí tí wọ́n pa tì á rò pé wọ́n ti gbàgbé òun. Ẹ mú ọjọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta láàrin ọ̀sẹ̀, kí aago rẹ̀ dúró sójú kan, kí ọmọ mọ̀ pé bó bá di aago mẹ́jọ alẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ìyá òun yóò pè.

Ṣé kó máa wálé lópin ọ̀sẹ̀?

Àjò kì í dùn kí onílé má rèlé, ọmọ gbọ́dọ̀ wálé nígbà tó bá yá. Èrò tèmi ni pé kó má wá ní oṣù àkọ́kọ́, àfi bí àìsàn bá wà. Òpin ọ̀sẹ̀ ni àwọn tó wà ní họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ń jọ dáná, jọ fọṣọ, jọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń wọ mọ́tò lọ sílé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì á máa bá ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti yan ara wọn láìsí òun níbẹ̀ bó bá dé lọ́jọ́ Ajé. Ọ̀nà wa náà kò fọkàn ẹni balẹ̀ nítorí àwọn ajínigbé. Ẹ dá ọjọ́ kan fún un ṣáájú, kó máa kà á. Tàbí kẹ̀, kí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n lọ kí i ní ọ̀sán gangan, kó gbé ẹ̀lùbọ́, gàrí àti epo dání, kó sì padà lọ́jọ́ kan náà.

Owó ńkọ́?

Àárò àti ebi máa ń dàpọ̀ mọ́ra, ó ṣòro láti mọ èyí tó ń ṣe ọmọ. Bí agbára bá wà, ẹ má fún un ní owó sẹ̀mẹ́sítà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Jambite kò tíì mọ iye tí nǹkan ń jẹ́, ìdajì owó náà lè tán lórí nǹkan kéékèèké kí ìdánwò tó dé.

Ẹ̀yáwó ìjọba àpapọ̀ wà, NELFUND ló ń bójú tó o. Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin rẹ̀. Àwọn tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ló wà fún, yálà ti àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀. Kò ní èlé. Owó ilé ẹ̀kọ́ máa ń lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì lè béèrè ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀, èyí tó ń wọ àkáǹtì tirẹ̀. Sísan padà kì í bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá parí NYSC, bó bá ti ríṣẹ́, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n á máa yọ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa ń béèrè fún un, nọ́ńbà JAMB, nọ́ńbà mátíríìkì, NIN àti BVN ni yóò lò. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó pé kó bá yín gbà á.

Ní ti yàrá tó wà níta ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ẹ má sanwó fún ajẹ́ntì tí ẹ kò tíì fojú rí yàrá náà lọ́sàn-án, kí ẹ sì rí onílé.

Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ ńkọ́?

Ohun tó ń lé àárò lọ ni kí ibi tuntun di ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́. Kò gba ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Wá ẹnì kan tí ẹ jọ ń lọ sí kíláàsì, wá àgbà akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka tìrẹ tó lè sọ fún ọ bí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ń béèrè ìbéèrè, kí o sì wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n á béèrè ọ bí o kò bá wá. NFCS wà fún ìjọ Àgùdà, NIFES wà fún àwọn Kristẹni ajíhìnrere, MSSN wà fún Mùsùlùmí, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ọ̀kun sì máa ń wà níbi tí àwọn ọmọ wa bá ti pọ̀. Ọjọ́ tí ẹnìkan tí o kò mọ̀ bá kí ọ ní "Ọ̀kun o!" lẹ́nu ọ̀nà láíbúrárì, dá a lóhùn, kí o sì béèrè orúkọ rẹ̀. Àmọ́ má fi ara rẹ mọ sáàrin àwọn ọmọ ilé nìkan. Ọmọ Ebira tàbí ọmọ Nupe tí ẹ jọ wà ní yàrá náà lè máa sunkún lábẹ́ aṣọ ìbora lóru bí ìwọ náà ṣe ń ṣe.

Jí ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, bí oorun kò tilẹ̀ tó. Jẹun kí o tó jáde. Ìwé kíkà, kà á níta yàrá, torí pé orí bẹ́ẹ̀dì ni àárò ti máa ń bá ènìyàn. Bí wọ́n bá fi ohùn rẹ rẹ́rìn-ín, máa sọ ọ́ lọ. Yorùbá ni.

Nígbà wo ni kì í ṣe àárò mọ́?

Àárò máa ń wá, ó máa ń lọ. Ọmọ á sunkún lálẹ́, á rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ kí sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́ tó parí. Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní depression kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọkàn ọmọ bá wúwo ní ọ̀pọ̀ jùlọ ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ ọn mọ́, tí kì í wẹ̀, tó ń sùn ní gbogbo ìgbà tàbí tí kì í sùn rárá, tó ń sọ pé òun kò wúlò, tó tilẹ̀ wálé tí inú rẹ̀ kò sì dùn nílé náà, àìsàn nìyẹn. Ó ní ìtọ́jú. Kí ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn, ọ̀fẹ́ ni.

Bí ọmọ bá sọ pé ó sàn kí òun kú, tàbí tó ń pín ẹrù rẹ̀ fún àwọn ẹlòmíràn, tàbí tó ń dágbére lọ́nà tí kò yé yín, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì. Ẹ má bá a wí. Ẹ pe ẹni tó sún mọ́ ọn jù níbẹ̀ kó jókòó tì í, kó má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí ẹ sì gbéra. Bíbi í léèrè pé, "Ṣé o ń ronú láti pa ara rẹ?" kò ní fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ó lè jẹ́ òun ni ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ kó sọ òótọ́.

Bó bá di dandan kí ó dá ẹ̀kọ́ dúró ńkọ́?

Ìgbà mìíràn wà tí ọmọ gbọ́dọ̀ sinmi. Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ ni kó kàn kó ẹrù lóru kó sì lọ. Bí kò bá forúkọ sílẹ̀ fún sẹ̀mẹ́sítà, tí kò sì kọ lẹ́tà, ilé ẹ̀kọ́ lè yọ orúkọ rẹ̀, yóò sì tún ṣe JAMB. Ọ̀nà tó tọ́ ni láti béèrè fún deferment, ìyẹn àyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ipò rẹ̀ má bàa bọ́. Lẹ́tà ni yóò kọ, yóò gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, yóò so ìwé dókítà mọ́ ọn bó bá jẹ́ nítorí àìlera, yóò sì ṣe é kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀. Kó dúró títí wọ́n á fi fún un ní èsì lórí ìwé. Ẹ̀dà lẹ́tà náà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbígbà sí, èsì náà, ìwé ìgbàwọlé àti gbogbo rìsíìtì owó tó ti san, kí ẹ kó wọn sínú fáìlì kan nílé, nítorí pé òun ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá padà.